Ibi Kan Ṣoṣo Ni Kí Lẹ́tà Máa Gbé

Ẹ jẹ́ ká mú amòfin kan ní Ìbàdàn. Ó ní kọ̀ǹpútà ńlá kan lórí tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ó ní láptọ́ọ̀pù tó ń gbé lọ sílé ní Bódìjà, fóònù sì wà lápò rẹ̀. Oníbàárà kan kọ ímeèlì sí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó kà á lórí fóònù nínú mọ́tò, ó sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó dé ọ́fíìsì, lẹ́tà yẹn kan náà ń dúró dè é lórí kọ̀ǹpútà ńlá, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fojú kàn án rí. Èsì tó fi ránṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ rò pé ọ̀gá kò tíì dáhùn, ló bá kọ èsì mìíràn, èyí tí kò bá ti àkọ́kọ́ mu. Lọ́jọ́ kan náà, adájọ́ sún ẹjọ́ kan síwájú. Amòfin tẹ ọjọ́ tuntun náà sínú fóònù kó tó jáde ní kóòtù, àmọ́ kàlẹ́ńdà tí akọ̀wé ń wò kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀, akọ̀wé sì fi àlejò mìíràn sí wákàtí yẹn gan-an.

Ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa o. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ló di ẹ̀dà tirẹ̀ mú, tí kò sì mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Mo ti rí oníṣòwò, olùkọ́, pásítọ̀ àti akọ̀wé ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fara da irú wàhálà yìí láti ọdún dé ọdún, tí wọ́n gbà pé bí kọ̀ǹpútà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ara wọn láti ọ́fíìsì sílé, wọ́n á máa fi fláàṣì gbé fáìlì kiri, wọ́n á máa ya fọ́tò kàlẹ́ńdà ara ògiri. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ojútùú ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ láti nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn, ó sì ti wà nínú ẹ̀rọ tí a rà láìsan owó kún un. Ohun tó gbà ni pé ká pinnu ibi tí lẹ́tà àti ọjọ́ ìpàdé wa yóò máa gbé, kó jẹ́ ibì kan ṣoṣo, kí gbogbo ẹ̀rọ tó kù wá máa wo ibẹ̀.

Nígbà tí Ray Tomlinson fi ímeèlì ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, ní 1971, tó sì mú àmì @ láti fi ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ẹ̀rọ, síńkì, ìyẹn bí ohun kan náà ṣe ń hàn lórí gbogbo ẹ̀rọ wa, kò tíì di ìṣòro. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jọ ń lo kọ̀ǹpútà ńlá kan. Ẹni tó bá fẹ́ ka lẹ́tà rẹ̀ á lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn. Ojú kan ni lẹ́tà wà, ènìyàn ló ń tọ̀ ọ́ lọ. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà kéékèèké dé orí tábìlì àti inú ilé ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí lẹ́tà orí ẹ̀rọ ńlá lọ́hùn-ún yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ jáde ní 1984. Post Office Protocol ni wọ́n sọ ọ́, POP ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ̀yà rẹ̀ kẹta, POP3, tó jáde ní 1988, ló ṣì wà nínú ẹ̀rọ wa dòní. Ó ń ṣe bí ẹni tí a rán lọ sí àpótí wa ní póòsì ọ́fíìsì Dùgbẹ̀: á ṣí àpótí, á kó gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ wálé, á sì fi àpótí sílẹ̀ lófìfo. Bí ẹlòmíràn láti ilé kan náà bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò ní bá nǹkan kan. Nígbà náà, ọgbọ́n gidi ni. Wáyà tẹlifóònù ni wọ́n fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ń jówó, ààyè orí sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń gba lẹ́tà pa mọ́ fún wa, kò sì pọ̀ rárá. Kó lẹ́tà, gé láìnì, kà á nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè máa lo POP títí dòní, kó má rí wàhálà kankan.

Mark Crispin, tó wà ní Yunifásítì Stanford, gba ọ̀nà mìíràn ní 1986. Ìlànà tó gbé kalẹ̀ là ń pè ní IMAP. Lẹ́tà kò kúrò lórí sáfà. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kàn ń wò ó níbẹ̀ ni, ohunkóhun tí ẹ̀rọ kan bá sì ṣe sí lẹ́tà náà, orí sáfà ló ti ṣe é. Crispin kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní 2012. Ìwé ìlànà tó kọ ní 2003 ni ọ̀pọ̀ sáfà ṣì ń tẹ̀ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtúnṣe mìíràn ti jáde ní 2021. Mo máa ń rò ó pé àwọn tí iṣẹ́ ọkùnrin yìí ń ṣe láǹfààní lójoojúmọ́ kò lóǹkà, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ iṣẹ́ náà díẹ̀ sí i, nítorí ẹni tó bá mọ bó ṣe ń lọ kò ní máa bẹ̀rù rẹ̀. Sáfà á fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú fódà tó wà, nọ́ńbà yẹn kì í sì padà di ti lẹ́tà mìíràn. Ká ní 4812 ni nọ́ńbà tó kẹ́yìn tí fóònù amòfin wa rí. Nígbà tí fóònù bá tún kàn sí sáfà, ohun tó jẹ́ tuntun lẹ́yìn 4812 nìkan ló máa béèrè. Kò sí ìdí láti tún kó gbogbo rẹ̀ wá. Àwọn àmì kan sì wà tí sáfà ń fi sára lẹ́tà: àmì pé a ti kà á, àmì pé a ti dáhùn, àmì pé ó ṣe pàtàkì, àmì pé a kò tíì kọ ọ́ tán, àmì pé a ti pa á rẹ́. Bí amòfin bá ka lẹ́tà 4813 nínú mọ́tò, fóònù rẹ̀ á sọ fún sáfà pé kó fi àmì kíkà sí 4813. Bí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bá dé, á béèrè àmì tó ti yí padà, lẹ́tà dúdú kìrìkìrì yẹn á sì di lẹ́tà lásán lójú akọ̀wé. Dátà tí gbogbo ìyẹn ń jẹ kò tó nǹkan. Láti 1997 ni ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní IDLE sì ti wà, tó jẹ́ kí ẹ̀rọ fi láìnì sílẹ̀ ní ṣíṣí kí sáfà lè pè é fúnra rẹ̀ nígbà tí lẹ́tà bá dé. Òun ni kì í jẹ́ ká máa tẹ bọ́tìnì ká tó mọ̀ pé ẹnì kan kọ̀wé sí wa.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Ìlànà tó ń gbé lẹ́tà jáde lọ yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ́ ká rí èyí tó wọlé. SMTP ló ń gbé e jáde, Jon Postel ló kọ ìwé ìlànà rẹ̀ ní 1982. Bí SMTP bá ti gbé lẹ́tà lọ tán, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ẹ̀dà tí a máa ń rí nínú fódà Sent, ẹ̀rọ tí a fi kọ lẹ́tà ló sábà máa ń fi í síbẹ̀, ó sì lè fi í sórí sáfà tàbí kó fi í sínú ara rẹ̀. Bó bá fi í sínú ara rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ mìíràn tó máa rí i láéláé. Nítorí náà, ẹni tó ti ń lo IMAP tí èsì rẹ̀ kò sì hàn níbòmíràn, kó lọ wo ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń kó lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sí. Nígbà míì ẹ óò bá fódà méjì, ọ̀kan ń jẹ́ Sent, èkejì ń jẹ́ Sent Items, fóònù ń lo ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ń lo èkejì. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ sọ fún ẹ̀rọ méjèèjì pé òun ni kí wọ́n máa lò. Bákan náà ni fódà lẹ́tà tí a kò tíì kọ tán àti ti ìdọ̀tí.

Àwa tí a bẹ̀rẹ̀ ímeèlì ní kafé, ní ìgbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 2001, kò mọ ìyà yìí rárá. Orí Hotmail, tó ṣí ní 1996, tàbí Yahoo Mail, tó tẹ̀ lé e ní 1997, ni gbogbo lẹ́tà wa wà. Bó o jókòó sí kafé ní Mọ́kọ́lá lónìí, tó o jókòó sí òmíràn ní Yábà lọ́la, ohun kan náà lo máa bá. Ààyè ló kéré. Megabyte 2 péré ni Hotmail ń fúnni, ojoojúmọ́ la sì ń pa lẹ́tà rẹ́ kí àpótí má baà kún. Gmail dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2004 pẹ̀lú gigabyte 1, ní 2007 ó sì ṣí IMAP fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà kò sí ìdí mọ́ láti máa kó lẹ́tà kúrò lórí sáfà. Ìgbà tí a wá ra láptọ́ọ̀pù tiwa, tí ilé iṣẹ́ fún wa ní àdírẹ́sì tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára, ni ọ̀rọ̀ dojú rú.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ilé iṣẹ́ kékeré á ra orúkọ .ng tàbí .com.ng, á san owó ọdún fún ààyè díẹ̀ lórí sáfà ẹnì kan, wẹ́ẹ̀bù wọn àti lẹ́tà gbogbo òṣìṣẹ́ á sì jọ wà nínú ààyè kékeré yẹn. Ẹni tó bá wọn tò ó mọ̀ pé bí lẹ́tà bá ń dúró síbẹ̀, ààyè á kún láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n á sì máa pè é ní gbogbo ìgbà. Ló bá yan POP. Lẹ́tà á máa bọ́ sínú kọ̀ǹpútà ńlá ní ọ́fíìsì, sáfà á sì máa wà lófìfo. Owó díẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ yìí, mo kà á sí owó tó wọ́n jù lọ nínú ìṣirò ilé iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí iná ńlá bá dé lójijì tó sun háàdì díìsìkì kọ̀ǹpútà yẹn, tàbí tí olè bá gbé e lọ, gbogbo àdéhùn, gbogbo rìsíìtì, gbogbo ohun tí oníbàárà ti kọ láti ọdún mẹ́wàá ló bá a lọ. Ẹ lè mọ èyí tí ẹ̀yin ń lò láàárín ìṣẹ́jú kan: ẹ ṣí ètò àkáǹtì nínú Outlook tàbí Thunderbird, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú sáfà tí lẹ́tà ń gbà wọlé. 110 tàbí 995, POP nìyẹn. 143 tàbí 993, IMAP ni.

Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ lórí POP, kó má kánjú pa àkáǹtì àtijọ́ rẹ́ o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti pàdánù lẹ́tà. Ẹ kọ́kọ́ da fáìlì lẹ́tà náà kọ sórí díìsìkì ìta. Bó bá jẹ́ Outlook ayé àtijọ́ ni, ẹ wo bí fáìlì .pst náà ti tóbi tó, nítorí irú èyí tó wà kí 2003 tó dé kò gbọdọ̀ kọjá gigabyte 2. Bó bá ti kọjá, ó ń bàjẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ẹ ra ààyè tó tó lórí sáfà. Ẹ wá fi àdírẹ́sì kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí IMAP, kí méjèèjì jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ dá fódà sílẹ̀ lórí sáfà, ọdún kọ̀ọ̀kan sí fódà tirẹ̀, kí ẹ sì máa da lẹ́tà kọ lọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́tà tó tó gigabyte 3 yóò jẹ dátà tó tó gigabyte 3 kó tó gòkè tán, nítorí náà dátà òru ló dára fún un. Bí ẹ bá ti gbé fódà kan tán, ẹ bọ́ sórí wẹ́ẹ̀bù, ẹ ṣí àpótí yín níbẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí i pé lẹ́tà dé. Ẹ má gbàgbé èyí tí ẹ fi ránṣẹ́. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé ni kí ẹ tó yọ POP.

Ó wá ku ohun kan tí ó yẹ ká sọ gbangba. Síńkì kì í ṣe ìpamọ́. Bí ọmọdé bá mú fóònù bàbá rẹ̀ ṣeré tó sì pa lẹ́tà 50 rẹ́, wọ́n ti rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù nílé, wọ́n ti rẹ́ ní ọ́fíìsì. Gmail máa ń fi ohun tí a pa rẹ́ sínú Trash fún ọjọ́ 30. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tán. Google Takeout wà fún irú èyí: ó máa kó gbogbo lẹ́tà yín sínú fáìlì mbox, á kó kàlẹ́ńdà sínú fáìlì .ics, ẹ óò sì gbé e sórí díìsìkì tí ẹ ó fi síbòmíràn. Àti pé gigabyte 15 tí Google ń fúnni, kì í ṣe ti lẹ́tà nìkan. Fọ́tò wà níbẹ̀, Drive wà níbẹ̀, láti 2024 sì ni ẹ̀dà ìpamọ́ WhatsApp orí Android ti wọ inú rẹ̀. Fídíò àríyá tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp lè kún ààyè yẹn débi pé lẹ́tà ilé ẹjọ́ kò ní ríbi wọlé mọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ìwé iṣẹ́ ránṣẹ́ tó sì ń sọ pé òun kò rí i, ẹ ní kó lọ wo ààyè rẹ̀ ná.

Kàlẹ́ńdà ṣòro ju lẹ́tà lọ, nítorí lẹ́tà tí a ti kọ kì í yí padà, ìpàdé kì í sì yé yí padà. Wọ́n á sún un síwájú, wọ́n á pààrọ̀ gbọ̀ngàn, wọ́n á fi ènìyàn kún un. Lórí Palm Pilot, tó jáde ní 1996, ńṣe lèèyàn ń gbé ẹ̀rọ kékeré náà sínú ìjókòó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, tó sì ń tẹ bọ́tìnì kí àwọn méjèèjì tó bára mu. Ní 1998, Frank Dawson láti Lotus àti Derik Stenerson láti Microsoft, ilé iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn dije, jọ kọ ìlànà iCalendar, tó sọ bí a ṣe ń kọ ìpàdé sílẹ̀ kí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni lè kà á. Ní 2007 ni CalDAV dé, òun ló ń ṣe fún kàlẹ́ńdà ohun tí IMAP ń ṣe fún lẹ́tà. Ìpàdé kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀ lórí sáfà, ó sì ní àmì mìíràn tó ń yí padà nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án. Bí akọ̀wé bá ti sún ìpàdé sí aago 11, tí fóònù amòfin, tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀, wá fẹ́ sún un sí aago 2, sáfà á wo àmì tó mú wá, á rí i pé ti àtijọ́ ni, á sì kọ̀ ọ́ títí fóònù yóò fi wo ohun tó wà nílẹ̀ báyìí. Ètò yìí dùn mọ́ mi nínú púpọ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè ṣèèṣì pa iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ̀ rẹ́.

Ìdí tí kàlẹ́ńdà ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi bára mu kò jinlẹ̀ tó báyìí. Nígbà tí ẹ bá tẹ ìpàdé tuntun sínú fóònù, ìlà kékeré kan wà tó ń sọ orúkọ kàlẹ́ńdà tí ó ń lọ sí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ohun tó wà níbẹ̀ ni kàlẹ́ńdà inú fóònù fúnra rẹ̀, tí kì í jáde lọ síbì kankan. Lórí iPhone, ó lè jẹ́ iCloud, nígbà tó jẹ́ pé ti Google ni kọ̀ǹpútà ń wò. Ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi àkáǹtì tí ẹ yàn ṣe èyí tí fóònù á máa lò bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. Àwọn tí ìpàdé wọn ń jáde ní méjì-méjì, fáìlì .ics kan náà ni wọ́n ti kó wọlé sí kàlẹ́ńdà méjì, tàbí kí áàpù méjì máa síńkì ohun kan náà pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ wà láàárín kí a fi ìlíǹkì wo kàlẹ́ńdà ẹlòmíràn àti kí a jọ ni ín. Ẹni tó ń fi ìlíǹkì wò ó kò lè yí nǹkan kan padà, ìròyìn tuntun sì lè pẹ́ ní wákàtí púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Níbi tí aago ti wọ ọ̀rọ̀ náà ni àwa tí ẹbí wa wà káàkiri ayé ti ní láti ṣọ́ra. Aago Nàìjíríà kì í yí padà látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Wákàtí kan ló fi ṣáájú UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, bákan náà ni ti Bẹ̀nẹ̀. Tógò kò ní wákàtí kan yẹn. Ìlú Ọba máa ń ti aago síwájú lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọ́n á dá a padà lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Amẹ́ríkà ń ti tiwọn síwájú lọ́jọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta, wọ́n ń dá a padà lọ́jọ́ Àìkú kìíní oṣù kọkànlá. Ká ní ìyá wà ní Àkúrẹ́, ọmọ kan wà ní London, òmíràn ní Houston, wọ́n sì ti fi ìpàdé ẹbí sí aago 8 alẹ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú lọ́dọ̀ ìyá. Ní oṣù kejì 2026, aago 7 alẹ́ ni ní London, aago 1 ọ̀sán ní Houston. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹta, Houston bọ́ sí aago 2, London ṣì wà ní 7. Láti ọjọ́ 29, London di 8. Kò sí ẹni tó máa rántí gbogbo ìyẹn lórí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbìyànjú rẹ̀. Kàlẹ́ńdà á bá wọn ṣe é, bí ẹni tó dá ìpàdé sílẹ̀ bá so ó mọ́ Africa/Lagos.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ọmọ tó wà ní Houston ló dá a sílẹ̀, tó fi í sí aago 2 ọ̀sán tirẹ̀, America/Chicago ni ìpàdé náà so mọ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Gbogbo nǹkan á máa lọ geere títí di ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, lọ́jọ́ náà ni ìpàdé á bọ́ sí aago 9 alẹ́ ní Àkúrẹ́, ìyá tó ti jókòó láti aago 8 á sì máa rò pé àwọn ọmọ gbàgbé òun. Ẹni tí aago rẹ̀ kì í yí padà ni kí ìpàdé so mọ́. Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ẹ má fi í sí aago 12 òru. Ẹ tẹ All day. Aago 12 òru lọ́dọ̀ wa ṣì jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ní Houston, ọmọ ọmọ á sì máa kí ìyá rẹ̀ àgbà ní ọjọ́ kan ṣáájú.

Bẹ́ẹ̀ náà la lè fi ọjọ́ ọjà sínú kàlẹ́ńdà. Àwọn tó kọ iCalendar kò ronú kan ọjà wa, síbẹ̀ ìlànà wọn gbà á láìsí wàhálà. Ọjà ọrún tí a ná lónìí, a ó ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún la tún ná an. Fóònù ní tirẹ̀ kì í ka òní mọ́ ọn. Nítorí náà, lábẹ́ Repeat, ọjọ́ 4 ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe 5; nínú fáìlì, ohun tí ẹ̀rọ máa kọ ni FREQ=DAILY;INTERVAL=4. Ọjà ìsán jẹ́ 8, ìpàdé ìtàdógún jẹ́ 16. Ẹni tó bá tẹ 5 fún ọjà ọrún, ọjọ́ rẹ̀ á yẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ 20 ni yóò sì tó tún bá ọjà pàdé. Ìyá tó ń ra ẹrù nínú ọjà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn lórí fóònù rẹ̀ àti lórí ti awakọ̀ tó ń kó ẹrù fún un, láìsí pé ó ń pè é ní alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ti Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìsinmi tí Google tàbí Apple ń gbé wá ti ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé oṣù tí wọ́n bá rí, tí Sultan Ṣókótó sì kéde, la ń tẹ̀ lé nílẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ má gbára lé e sanwó ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣínà náà ti yàtọ̀ sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2022 ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀nà ìwọlé àtijọ́ pa lórí Exchange Online, Google náà ti ṣe irú rẹ̀. Outlook tó ti gbó á máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà léraléra, bó o tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé wọ́n ti jí àkáǹtì wọn, wọ́n á máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà lórí òfo. Ohun tí sáfà ń fẹ́ ni kí ẹ gba ojú fèrèsé tirẹ̀ wọlé, tàbí, fún Gmail, kí ẹ tan ìdánilójú onípele méjì kí ẹ sì gba ọ̀rọ̀ aṣínà áàpù onílẹ́tà 16. Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí àkáǹtì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ṣì ń lò, nítorí nọ́ńbà tí a pa tì, ilé iṣẹ́ fóònù á gbé e fún ẹlòmíràn.

Ṣé a lè gbẹ́kẹ̀ lé sáfà tó wà lókè òkun nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì tiwa kò dúró? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan lọ́jọ́ kan náà, báńkì púpọ̀ ní Nàìjíríà sì dákú. IMAP kò ní kí ẹ má pa ẹ̀dà mọ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ sọ fún Thunderbird tàbí Outlook pé kó tọ́jú lẹ́tà ọdún kan sínú kọ̀ǹpútà, ẹ fi ti oṣù kan sínú fóònù kí dátà àti ààyè má baà tán. Bí láìnì bá já, ẹ óò ka ohun tó wà nílẹ̀, ẹ óò kọ èsì, yóò sì jáde lọ nígbà tí láìnì bá padà. Kàlẹ́ńdà ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà: ìró ìránnilétí á dún lórí fóònù tí dátà rẹ̀ wà ní pípa, nítorí ẹ̀dà ìpàdé ti wà nínú rẹ̀. Ìpàdé tuntun ni kò ní wọlé. Ẹni tó ń pa dátà ní gbogbo ìgbà kí ó má baà tán, kó máa tàn án lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, kí kàlẹ́ńdà lè rí ààyè mí.

Akọ̀wé amòfin wa kò nílò ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀gá rẹ̀ fún gbogbo èyí. Gmail gbà kí a fún ẹlòmíràn láṣẹ láti máa ka lẹ́tà wa kó sì máa dáhùn láti orí àkáǹtì tirẹ̀. Kàlẹ́ńdà Google ní ìpele mẹ́rin: ẹni tó lè rí ìgbà tí ọwọ́ wa dí nìkan, ẹni tó lè rí ohun gbogbo, ẹni tó lè yí i padà, àti ẹni tó lè yí i padà kó sì tún pe ẹlòmíràn wọlé. Ẹ fi akọ̀wé sí ìpele kẹta. Lọ́jọ́ tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ yọ orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Fún kàlẹ́ńdà ẹbí tàbí ẹgbẹ́, ó kéré tán, ènìyàn méjì ni kó wà ní ìpele kẹrin. Google ní àṣẹ láti pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fún ọdún méjì rẹ́, ìlànà yẹn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù kejìlá 2023. Bí ó bá jẹ́ pé orí àkáǹtì àgbà kan tí kì í ṣí i mọ́ ni gbogbo ọjọ́ ìpàdé ẹbí wà, àwọn ọjọ́ yẹn lè bá àkáǹtì lọ. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Inactive Account Manager, níbi tí ẹni tó ni àkáǹtì lè yan ènìyàn títí dé mẹ́wàá tí Google yóò sọ fún bí òun bá dákẹ́ fún oṣù 3, 6, 12 tàbí 18, kó sì sọ ohun tí ìkọ̀ọ̀kan wọn lè gbà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà láti tò ó. Ẹ jókòó ti àwọn òbí yín nígbà tí ẹ bá tún délé, kí ẹ bá wọn ṣe é, kí ẹ sì tò ó sórí tiyín náà.